Ìyá Ṣógbẹ, Alágbàfọ̀ Tó Ń Da Òjé

Ìyá ọkọ mi kò yìnbọn rí láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń kìbọn báyìí, á ti sá lọ sẹ́yìn ilé, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí, á máa pariwo pé, "Ṣé ẹ ti yìn ín tán? Ẹ ní ẹ ti yìn ín tán?" Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn àtijọ́ ta àmì ládùúgbò wa, kò sí ẹni tí ọta rẹ̀ dán tó èyí tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Òun ló ń da ọta fún wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ o. Aṣọ fífọ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, òjé dídà ni fàájì rẹ̀. Ìyá ọkọ àwọn ẹlòmíràn a máa hun súẹ́tà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ ọ̀hún máa ń kó aṣọ orí tábìlì wọn wá fún un fọ̀. Lọ́jọ́ kan tó lọ dá aṣọ padà, ó bá Bàbá Aláago lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, lábẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n fi páànù bò, tí kò ní ògiri. Bàbá yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún aago ṣe. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò rí àwọn ohun kéékèèké inú aago mọ́, ó gbájú mọ́ òjé. Ó ń yọ́ ọ nínú ìkòkò irin kan lórí sítóòfù lọ́jọ́ náà. Màmá dúró, ó ń wò ó. Ó rí nǹkan tó ń dán, tó ń mì, tó ń ṣàn bí omi gẹ́lẹ́, àmọ́ tí kì í rin nǹkan kan. Obìnrin tó ti ń ti ọwọ́ bọ omi láti kékeré, tí ìka rẹ̀ máa ń hunjọ láàárọ̀ tí kì í tú lálẹ́, ó rí omi tó gbẹ. Ó ní ọkàn òun fò sókè. Ojú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́ òun.

Bàbá Aláago rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó sọ fún un pé òjé kì í ṣe ohun ìṣeré, pé májèlé ni, pé eruku rẹ̀ àti èéfín rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kì í sì í tètè jáde. Ó tún sọ fún un pé bí ẹ̀kán omi kan bá bọ́ sínú òjé tó ti yọ́, ooru ni omi náà máa dà lójijì, á sì tú òjé gbígbóná ká sójú gbogbo ẹni tó wà nítòsí.

Màmá ní, "Bàbá, ṣé omi lẹ fi ń dẹ́rù bà mí? Ta ló mọ omi tó mi?"

Bàbá Aláago bá na ṣíbí òjé sí i. Bó ṣe di ọmọ iṣẹ́ nídìí òjé nìyẹn, pẹ̀lú ewú lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìyá yìí nídìí ọpọ́n ìfọṣọ nìkan, ẹ ò lè dá a mọ̀ lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Nídìí ọpọ́n, ẹlẹ́rìn-ín ni. Omi á máa ta, orin á máa lọ, ìdajì àdúgbò á sì ti gbọ́ ìròyìn kí ọṣẹ tó hó. Lábẹ́ àtíbàbà, ọlọ́pàá ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọlé: "Ṣ'ó gbẹ?" Òjé tuntun tí wọ́n tú lára páìpù àtijọ́, ṣ'ó gbẹ? Ṣíbí tí wọ́n fi ń bu òjé, ṣ'ó gbẹ? Iwájú orí rẹ tó ń làágùn yẹn ńkọ́? Bí òjò bá ti ṣú, ó ti pa iná. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Aláago fúnra rẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, gbé agboòrùn tí omi ń kán lára rẹ̀ wọlé láti wá kí i. Ó lé e jáde bí ẹni lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, àmọ́ ẹ bọ́ síta!" Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ṣógbẹ, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ó máa ń sọ pé lóòótọ́ ni, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n lábẹ́ àtíbàbà òun, iná ló máa tẹ̀.

Èmi máa ń dúró lókèèrè, níhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí èéfín má bàa dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Á wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ àti ẹ̀wù gígùn tó nípọn, á fi awò bo ojú, á ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ awọ. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó tún dá ọgbọ́n kan sí i: kí òjé má bàa ta wọ inú ìbọ̀wọ́, ó fi pẹ́ẹ̀gì onígi tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há ẹnu ìbọ̀wọ́ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi ọgbọ́n yìí yangàn débi pé kò sí ẹni tí kò fi hàn, gbogbo ẹgbẹ́ sì kọ́ ọ lára rẹ̀.

Bí òjé bá ti yọ́ tán, á ju èérún àbẹ́là kan sí i, á rò ó, ìdọ̀tí á léfòó, á fi ṣíbí kó o sínú agolo onídèérí. Ojú òjé á wá mọ́ bíi dígí. Á bu ú, á dà á sínú móòdù, ìyẹn irin méjì tó pàdé ara wọn, tí ihò roboto wà láàárín wọn. Àwọn ọta àkọ́kọ́ kì í dára, torí móòdù ṣì tutù. Ara wọn á hunjọ bí aṣọ tí a kò lọ̀. Kì í bínú. Á ní, "Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná," á sì dá wọn padà sínú ìkòkò jẹ́jẹ́. Nígbà tí móòdù bá gbóná dáadáa, ó ń ṣí i, ọta ń jábọ́ sórí táwẹ̀lì tó ti ká sílẹ̀, roboto, dídán, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Á tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ wo arẹwà! Ẹ wo ohun tí mo bí!" Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àgbàlagbà obìnrin.

Bó bá parí, ó tún ku ti ìmọ́tótó. Kò sí jíjẹ, kò sí mímu lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Kì í gbá ilẹ̀ ibẹ̀, kí eruku má bàa dìde. Ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti tutù pátá ló máa ń fi aṣọ tútù nù ún. Á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú, á bọ́ aṣọ òjé sínú garawa tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì ní í jẹ́ kí aṣọ ẹnikẹ́ni fara kàn án. Alágbàfọ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ìgbà tí mo lóyún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé: èmi àti ọkọ mi, tó ń lẹ táìlì, wà lókè, Màmá wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n àti okùn aṣọ rẹ̀. Ìyá tèmi ti kú kí n tó lọ́kọ. Nítorí náà, obìnrin yìí kì í ṣe ìyá ọkọ lásán sí mi, òun ni mo ní. Ká má parọ́, ẹ̀rù ọmọ tuntun ń bà mí, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ mi máa wà. Òun náà ti ń kéde káàkiri pé òun ti di ìyá àgbà, nígbà tí ikùn mi kò tíì yọ rárá.

Àsìkò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá dé. Òfin ẹgbẹ́ ni pé gbogbo ẹni tó bá ń da òjé gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́dọọdún. Màmá máa ń lọ bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn, torí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló máa ń mọ́ jù nínú gbogbo wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa méjèèjì la jọ lọ gba èsì. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wò.

"Màmá," ó ní, "òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò tíì dé ibi tó máa dá yín dùbúlẹ̀, àmọ́ ẹ dáwọ́ òjé dúró ná. Kẹ́ ẹ sì wá ibi tó ń gbà wọlé sí yín lára, torí ibì kan ń jò."

"Jò kẹ̀? Lọ́dọ̀ èmi?"

"Lọ́dọ̀ yín ni, Màmá."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò nítorí oyún. Tèmi mọ́ tónítóní. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń kí tajá tẹran lójú ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni títí a fi délé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní kí n dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi, gbọ́ o. Bí ọmọ yẹn bá dé, mi ò ní í fọwọ́ kàn án títí ẹ̀jẹ̀ mi á fi mọ́."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi í ná."

"Kí n lọ bi í, kó wá máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú? Ohun tí mo sọ ni mo sọ."

Inú bí mi. Bó bá jẹ́ pé orí kunkun ni wọ́n fi ń da ọta, ìyá yìí nìkan á da èyí tí gbogbo ayé kò ní í yìn tán. Mo bá ọkọ mi sọ ọ́, ó ní òun ti mọ ìyá òun ṣáájú mi, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Mo bínú sí òun náà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ń jò. Bàbá Aláago wá wo ìlà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lábẹ́ àtíbàbà, kò rí nǹkan kan. Ọkọ mi sọ pé bóyá páìpù omi ilé ni. Páìpù ilé wa kò ní òjé lára. Wọ́n yẹ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti lu, kò lu. Màmá fúnra rẹ̀ bó ara rẹ̀ bí ẹni bó iṣu, ó fọ aṣọ òjé nígbà mẹ́rin, ó gé èékánná débi pé kò lè ṣí ìdérí agolo mọ́. Ó dùn mí láti máa wò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá ọjọ́ orí ni, pé bóyá òun ti ń gbàgbé nǹkan tí òun kò sì mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun padà wá. Ó ní òun kò bínú o, àmọ́ àbàwọ́n wà nídìí ṣẹ́ẹ̀tì náà. Àbàwọ́n! Lára aṣọ tí Màmá fọ̀! Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bú u. Nígbà tí oníbàárà náà ti lọ, ó ju ṣẹ́ẹ̀tì náà sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó, pé òun ní aṣọ tí òun fẹ́ sá kí oòrùn tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń sá aṣọ. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tútù wúwo, ọwọ́ méjì kì í tó o, nítorí náà ẹnu ló máa ń kó pẹ́ẹ̀gì sí. Bó ti ń ṣe láti ìgbà ọmọdébìnrin nìyẹn. Á kó wọn sẹ́nu bí eyín kejì, á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìyá ọkọ mi dákẹ́, ẹ kó aṣọ fún un sá.

Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sójú oòrùn. Àbàwọ́n náà kò tóbi: ìlà kékeré méjì ní etí ìsàlẹ̀, aláwọ̀ eérú, bíi pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà á. Ó fẹ̀ tó ẹnu pẹ́ẹ̀gì gẹ́lẹ́. Mo na ọwọ́ sínú agbọ̀n pẹ́ẹ̀gì, mo mú ọ̀kan, mo fi gbo ara ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìlà eérú náà yọ.

"Màmá," mo ní, "àwọn pẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ fi ń há ìbọ̀wọ́ yín lábẹ́ àtíbàbà, níbo lẹ máa ń dá wọn padà sí?"

Kò dáhùn. Kò lè dáhùn. Ẹnu rẹ̀ kún. Ó dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì méjì, ó ń wò mí, pẹ́ẹ̀gì yọ síta ní ètè rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ inú orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i. Ẹnu rẹ̀ là, àwọn pẹ́ẹ̀gì sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú koríko.

Igbe tó kọ́kọ́ ké kì í ṣe ti ara rẹ̀. "Ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ nù! Lọ fọwọ́! Ọṣẹ, ọṣẹ! Oyún ńbẹ nínú rẹ, o sì ń fọwọ́ kó májèlé!" Mo sáré lọ fọwọ́, òun náà sáré tẹ̀ lé mi, ó ń fọ ẹnu, ó ń tu itọ́, ó ń ṣépè fún ara rẹ̀. Ibi tá a ti ń du ọṣẹ mọ́ ara wa lọ́wọ́ ni ẹ̀rín ti pa mí. Mo ní kí n má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí, òun náà bá bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo ẹgbẹ́ ló kọ́ ọgbọ́n pẹ́ẹ̀gì yẹn, kò sì sí ẹni tí nǹkan ṣe nínú wọn, torí kò sí ẹni tó ń kó tirẹ̀ sẹ́nu. Alágbàfọ̀ nìkan ló lè kó òjé jẹ báyẹn. Nígbà tí Bàbá Aláago gbọ́, ó gbìyànjú láti káàánú rẹ̀, kò lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá di gbogbo pẹ́ẹ̀gì ilé sínú àpò, ó kó wọn fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí olóró dànù. Ó tún aṣọ gbogbo oníbàárà fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ra pẹ́ẹ̀gì oníke, ó sì rán àpò kékeré tó so mọ́ ìdí láti máa kó wọn sí. Ẹnu rẹ̀ wá ṣófo bó bá ń sá aṣọ, ìyẹn ni pé àdúgbò kò tún rí ìsinmi mọ́.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bá gbé. Ó ní ọ̀nà tó gbà wọlé la rí, èyí tó ti wọlé ṣì wà ńbẹ̀, kò sì gbé ìkòkò òjé lé iná mọ́. Ọmọ mi dé, obìnrin ni, ó sanra, ó sì lóhùn. Màmá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń fi orin kí i káàbọ̀ láti ibẹ̀. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń fọ aṣọ ọmọ, ó ń lọ̀ ọ́, á gbé e sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, á sún sẹ́yìn. Èmi ni mò ń wẹ ọmọ, òun ni yóò máa pàṣẹ láti ẹnu ọ̀nà: "Gbé orí rẹ̀! Orí rẹ̀, mo ní! Má jẹ́ kó tẹ̀!"

Lọ́jọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Màmá, tótó ó ṣe bí òwe: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà!"

"Wàá rí òmíràn pa," ó ní. Ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, àmọ́ kò wọlé.

Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́ta kí èsì àyẹ̀wò kejì tó jáde. Bàbá Aláago fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ létí ara òun, torí ọta ti tán nílẹ̀ ẹgbẹ́, èyí tí àwọn yòókù sì ń dà, bí eyín àgbàdo ló rí. Nọ́ọ̀sì ka èsì, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti lọ sílẹ̀ dáadáa, Màmá. Bí ẹ bá ń ṣọ́ra, ẹ lè padà sídìí òjé yín."

Màmá kò tiẹ̀ gbọ́ ti òjé. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé mo lè gbé ọmọ báyìí?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ yìí. Ọmọ-ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo òun. "Ta ló ní kẹ́ ẹ má gbé e tẹ́lẹ̀? Òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ran ẹlòmíràn, Màmá. Eruku tó bá wà lára aṣọ àti ọwọ́ la máa ń sá fún, ẹ sì ti jáwọ́ ńbẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀ bá ti bi mí."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó lè kún garawa. Mo dìde, mo gbé ọmọ mi lé e lọ́wọ́.

Ó gbà á bó ṣe ń gba aṣọ olówó iyebíye, pẹ̀lú gbogbo apá. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. Ó ti mọ ohùn yẹn, kò mọ ojú yẹn nítòsí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín aláìléyín tó fẹ̀ dé etí. Omi bọ́ lójú Màmá, ó ń bọ́ sórí àyà ọmọ náà, kò sì nù ún.

Bàbá Aláago wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ṣógbẹ, ẹ kú oríire o. Ṣé ká gba ilé ẹgbẹ́ kọjá? Ìkòkò yín ń retí yín."

Màmá kò gbé ojú sókè. "Ẹ jẹ́ kó máa retí, Bàbá. Òjé tí mo fi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà. Èyí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí."

Bàbá Aláago ṣí fìlà rẹ̀, ó wá jókòó tì wá lórí àga gígùn. Mo ní kí Màmá gbé ọmọ fún mi ká lè máa lọ sílé, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà tí ebi mú ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni mo tó rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀.